Ẹni tí máàkì rẹ̀ pọ̀ jù fún iṣẹ́ ọlọ́pàá: ẹjọ́ Robert Jordan àti ìlú New London

Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹta ọdún 1996, àwọn èèyàn bíi 500 jókòó ṣe ìdánwò ní gúúsù ìlà-oòrùn ìpínlẹ̀ Connecticut, ní Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ ọlọ́pàá ni gbogbo wọn ń wá. Àjọ kan tí ìlú mẹ́rìnlá lágbègbè náà pawọ́ pọ̀ dá sílẹ̀ ló ṣètò ìdánwò ọ̀hún, kí olúkúlùkù ìlú má bàa máa ṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí wọ́n kàn máa mú ẹni tí wọ́n bá fẹ́ nínú orúkọ tó bá jáde. Robert Jordan wà lára àwọn tó jókòó lọ́jọ́ náà. Ó ti lé ní ẹni ogójì ọdún, ó sì ti gba dìgírì nínú lítíréṣọ̀.

Lára ohun tí wọ́n gbé síwájú wọn ni ìdánwò tí wọ́n ń pè ní Wonderlic. Ìbéèrè 50 ni, ìṣẹ́jú 12 péré sì ni wọ́n máa ń fún èèyàn láti dáhùn wọn. Bó o bá ṣírò rẹ̀, ìbéèrè kan kò ní ju nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 14 lọ. Ìbéèrè kan á ní kó o wá nọ́ńbà tó kàn lẹ́yìn nọ́ńbà márùn-ún tí wọ́n tò sílẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e á bi ọ́ bóyá ọ̀rọ̀ méjì jọ ń sọ ohun kan náà ni àbí wọ́n takora. Òmíràn á to orúkọ ní méjì-méjì, á ní kó o wo iye tó bára mu láìyẹ lẹ́tà kan. Òmíràn sì jẹ́ ìṣirò owó ọjà. Wọ́n máa ń rọrùn níbẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì máa le sí i, débi pé ọ̀pọ̀ èèyàn kì í parí rẹ̀ kí aago tó lù. Láti àwọn ọdún 1930 ni ìdánwò yìí ti wà. Àwọn ilé iṣẹ́ ń lò ó láti fi ṣa òṣìṣẹ́, líìgì bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, ìyẹn NFL, sì fi ń dán àwọn ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù wò fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó pa á tì ní 2022. Kì í béèrè nípa òfin. Kì í béèrè bí èèyàn ṣe lè pẹ̀tù sí tọkọtaya tó ń jà láàárín òru, tàbí ìgbà tó yẹ kí ọlọ́pàá fa ìbọn yọ àti ìgbà tí kò yẹ.

Jordan gba 33 nínú 50.

Àwọn tó ṣe ìdánwò náà ní ìwé ìtọ́sọ́nà kan tí wọ́n to onírúurú iṣẹ́ sí, pẹ̀lú máàkì tí wọ́n rò pé ó bá iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan mu. Níbi tí wọ́n kọ iṣẹ́ ọlọ́pàá tó ń lọ káàkiri àdúgbò sí, 21 ni. Kò tiẹ̀ sí iṣẹ́ kankan nínú ìwé náà tí nọ́ńbà tí wọ́n kọ síwájú rẹ̀ tó 33. Nígbà tí ìròyìn ẹjọ́ náà wá jáde, àwọn oníròyìn sọ pé 33 jẹ́ IQ 125 (IQ ni òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn bí ọpọlọ èèyàn ṣe jí tó), pé àwọn ọlọ́pàá káàkiri orílẹ̀-èdè náà kì í sábà ju 21 tàbí 22 lọ, èyí tó sún mọ́ IQ 104. Èmi kò fi gbogbo ara gba ọ̀rọ̀ IQ gbọ́, ṣùgbọ́n nọ́ńbà wọ̀nyí ni gbogbo ayé ń kà, wọ́n sì wúlò níbi tọ́rọ̀ dé yìí.

New London tí Jordan fẹ́ ṣiṣẹ́ fún kì í ṣe ìlú ńlá. Iye èèyàn ibẹ̀ kò tó 30,000. Etí odò Thames ti Amẹ́ríkà ló wà, níbi tí odò náà ti ń wọ inú òkun. Láyé àtijọ́, àwọn ọkọ̀ tó ń lọ pa ẹja àbùùbùtán ló sọ ibẹ̀ di olókìkí. Lónìí, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ogun tó ń ṣọ́ etíkun Amẹ́ríkà wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ń kan ọkọ̀ ogun abẹ́ omi ní Groton tó wà ní òdìkejì odò. Àwọn tó bá ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ òfin á rántí orúkọ ìlú náà láti ibòmíràn pẹ̀lú: New London yìí kan náà ni wọ́n torí rẹ̀ dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ lórí ilé àwọn aráàlú tí ìjọba fẹ́ gbà láti fi ṣe ìdàgbàsókè, ìlú náà sì jàre ní 2005 pẹ̀lú ìbò márùn-ún sí mẹ́rin. Ìlú kékeré tí orúkọ rẹ̀ dé ilé ẹjọ́ ńlá nígbà méjì láàárín ọdún márùn-ún.

Nígbà ìwọ́wé ọdún 1996, Jordan gbọ́ pé New London ti ń pe àwọn èèyàn fún ìntáfíù. Ó dúró, wọn ò pè é. Ó ṣe díẹ̀, ó lọ béèrè. Igbákejì alábòójútó ìlú náà ló dá a lóhùn pé wọn ò ní pè é, torí pé kò bá irú ẹni tí àwọn ń wá mu. Wọn ò ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ fi ara yín sípò rẹ̀. Ọkùnrin ẹni ọdún 46 ni, ó ń wá iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ọmọ ọdún 22 ń wá, wọ́n sì ní kò bá irú ẹni tí àwọn ń wá mu. Kí ni yóò wá sí ọkàn ẹnikẹ́ni bí kò ṣe pé torí ọjọ́ orí ni? Ohun tí òun náà rò nìyẹn. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà sì wà tó ní kí wọ́n má fi ọjọ́ orí dí ẹni tó bá ti pé ogójì lọ́wọ́ iṣẹ́. Ó gbé ẹ̀sùn lọ sọ́dọ̀ àjọ ìpínlẹ̀ Connecticut tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn.

Èsì tí ìlú náà fi ránṣẹ́ sí àjọ yìí ló la ọ̀rọ̀ náà síta. Wọ́n ní kì í ṣe ọjọ́ orí rẹ̀. Wọ́n ní 33 tó gbà ni. Àwọn kì í pe ẹnikẹ́ni fún ìntáfíù àfi ẹni tó bá gba 20 sí 27. Ẹni tí kò bá tó 20, kò ní lè ṣe iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá ju 27 lọ, iṣẹ́ náà á tètè sú u, yóò sì kọ̀wé fipò sílẹ̀ lẹ́yìn tí ìlú bá ti náwó lé e lórí.

Mo fẹ́ sọ ẹjọ́ ìlú náà bó ṣe rí gan-an, torí pé kì í ṣe ẹjọ́ wèrè. Ọlọ́pàá tuntun kì í bọ́ sójú títì lọ́jọ́ tí wọ́n gbà á. Ìlú á rán an lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ọlọ́pàá fún ọ̀pọ̀ oṣù, yóò máa sanwó oṣù fún un níbẹ̀, lẹ́yìn náà ọlọ́pàá àgbà á máa mú un káàkiri kó tó lè dá dúró. Bó bá wá lọ lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì, owó tí ìlú ná lé e lórí ti wọmi nìyẹn. Ìlú kékeré ló máa ń fara gbá a jù, torí ìlú tó lówó jù ú lọ lè fi owó oṣù tó sàn jù fa ọlọ́pàá tí kò kọ́ mọ́ra. Ìwé ìtọ́sọ́nà ìdánwò náà sì gbè wọ́n lẹ́sẹ̀, torí ó kìlọ̀ pé iṣẹ́ tí kò bá gba ọpọlọ púpọ̀ lè tètè sú ẹni tí agbára rẹ̀ ju iṣẹ́ náà lọ, àti pé kéèyàn kàn máa gba ẹni tó ṣe dáadáa jù lè padà pa agbanisíṣẹ́ lára. Ohun tí àwọn alákòóso New London dì mú nìyẹn.

Jordan pe ìlú náà àti òṣìṣẹ́ tó dá a lóhùn yẹn lẹ́jọ́ ní ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ní Connecticut. Ó ní wọ́n fi ọpọlọ tí Ọlọ́run fún òun ṣe ìyàsọ́tọ̀ fún òun. Ohun tó sọ fún àwọn oníròyìn nígbà náà wọ̀ mí lọ́kàn: ó ní bí èèyàn kò ṣe lè pinnu àwọ̀ ẹyinjú tí wọ́n á bí mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ náà ni kò lè pinnu bí ọpọlọ òun yóò ṣe jí tó.

Ibi tó yẹ ká dúró sí dáadáa rèé, torí òye òfin ni gbogbo ẹjọ́ náà rọ̀ mọ́. Àtúnṣe Kẹrìnlá sí òfin orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ní kí ìjọba má fi ààbò òfin tó dọ́gba du ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n kò sí òfin tí kì í ya àwọn èèyàn sọ́tọ̀ lọ́nà kan. Ọmọ tí kò tíì tó ọjọ́ orí tí òfin là sílẹ̀ kò gbọdọ̀ wakọ̀, ẹni tí kò kàwé dókítà kò gbọdọ̀ la inú èèyàn. Torí náà àwọn ilé ẹjọ́ dá ọ̀nà mẹ́ta sílẹ̀ tí wọ́n fi ń wọn ìyàsọ́tọ̀. Bí ìjọba bá ya èèyàn sọ́tọ̀ nítorí ẹ̀yà tàbí àwọ̀, ilé ẹjọ́ á gbọ̀n ọ́n yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́, ìjọba ló sì gbọ́dọ̀ fi hàn pé kò sí ọ̀nà mìíràn. Bó bá jẹ́ torí pé èèyàn jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, ìjọba ṣì gbọ́dọ̀ mú ìdí tó lágbára wá. Yàtọ̀ sí àwọn wọ̀nyí àti díẹ̀ tó fara pẹ́ wọn, ohun kan ṣoṣo ni ilé ẹjọ́ máa ń béèrè: ṣé a lè rí ìdí kan tó mọ́gbọ́n dání tí ìjọba fi lè ṣe é? Kò pọn dandan kí ìdí náà jóòótọ́. Kò pọn dandan kí ìjọba mú ẹ̀rí wá pé ó ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó pẹjọ́ ló gbọ́dọ̀ fi hàn pé kò sí ìdí kankan rárá.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ni ìlànà kẹta yìí ti dá padà kó tó kan Jordan. Ní 1976, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ gbọ́ ẹjọ́ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ Massachusetts kan tí wọ́n fi tipátipá fẹ̀yìn rẹ̀ tì nígbà tó pé ọdún 50. Àwọn dókítà ti yẹ ara rẹ̀ wò ní oṣù mẹ́rin ṣáájú ìgbà yẹn, wọ́n sì rí i pé ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Síbẹ̀, ilé ẹjọ́ ní ìpínlẹ̀ náà kò ṣẹ̀ sí òfin orílẹ̀-èdè: iṣẹ́ ìjọba kì í ṣe ẹ̀tọ́ ìpìlẹ̀ ẹnikẹ́ni, ìpínlẹ̀ sì lè rò pé ara máa ń di ẹgẹgẹ bí ọjọ́ orí bá ṣe ń gòkè. Ìyẹn tó.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ ọdún 1999, Adájọ́ Peter Dorsey dá ẹjọ́ New London, ó sì fi ti ìlú náà ṣe láìjẹ́ kí ẹjọ́ náà dé iwájú ìgbìmọ̀ aráàlú tó máa ń gbọ́ ẹjọ́. Ó ní àwọn tí ọpọlọ wọn jí pépé kì í ṣe ẹgbẹ́ tí òfin ya sọ́tọ̀ fún ààbò pàtàkì, ìlú náà sì ti fi ìdí tó mọ́gbọ́n dání hàn. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹjọ ọdún 2000, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó wà ní New York fọwọ́ sí ìdájọ́ yẹn. Agbẹjọ́rò Jordan ti mú ẹ̀rí wá pé iṣẹ́ ọlọ́pàá kì í sú àwọn tó gba máàkì gíga ju àwọn yòókù lọ. Ilé ẹjọ́ kò sọ pé irọ́ ni ẹ̀rí náà. Wọ́n ní kò kan àwọn. Ohun tó kan àwọn ni bóyá ìpinnu ìlú náà ní ìdí. Bóyá ó tọ̀nà tàbí kò tọ̀nà kò sí nínú ẹjọ́ tó wà níwájú àwọn. Wọ́n tilẹ̀ gbà pé ìlànà náà lè má jẹ́ ti ọlọgbọ́n.

Mo ti ka ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn sọ lórí ẹjọ́ yìí, púpọ̀ nínú wọn ló sì ń fi ṣẹ̀sín pé Amẹ́ríkà kò fẹ́ kí ọlọgbọ́n ṣe ọlọ́pàá. Ohun tí ilé ẹjọ́ sọ kọ́ nìyẹn. Wọn ò pàṣẹ fún ìlú kankan pé kó ṣe bí New London. Wọ́n kàn ní bí ìlú kan bá yàn láti ṣe é, òfin orílẹ̀-èdè kò dí i lọ́wọ́. Ó yẹ kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ bínú mọ ìyàtọ̀ yìí, torí òun ló ń sọ ẹni tó yẹ kéèyàn bínú sí. Kì í ṣe adájọ́. Àwọn tó jókòó sí ọ́fíìsì ìlú tí wọ́n fa ìlà sí orí 27 ni.

Ìlà yẹn gan-an ni mo fẹ́ ká wò. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín 27 àti 33 jẹ́ ìbéèrè mẹ́fà. Bí Jordan bá ti gbàgbé gíláàsì ojú rẹ̀ sílé lọ́jọ́ yẹn, tàbí bí orí bá ń fọ́ ọ, bó bá fi ìbéèrè mẹ́fà sílẹ̀ láìdáhùn, wọn ì bá pè é fún ìntáfíù. Èèyàn kan náà ni, ìwà kan náà, ìgboyà kan náà. Ìlànà wo ló ń fìyà jẹ ẹni tó sa gbogbo ipá rẹ̀? Bí ọ̀rọ̀ bá sì ti délùú, kí ni ẹni tó bá tún fẹ́ ṣe irú ìdánwò náà yóò ṣe? Yóò díbọ́n ni. Ìlú tó ń wá ẹni tó máa búra níwájú adájọ́ pé òótọ́ lòun ń sọ á ti kọ́ onítọ̀hún láti fi ara rẹ̀ pa mọ́ kó tó wọ aṣọ iṣẹ́ rárá.

Èkejì ni pé kò sẹ́ni tó bi Jordan. Bí ẹ̀rù bá ń ba ìlú pé yóò tètè lọ, ìntáfíù wà fún irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Kí ló dé tó o fi fẹ́ ṣe ọlọ́pàá ní ọjọ́ orí yìí? Ọdún mélòó lo rò pé wàá lò? Ṣé àdúgbò yìí lò ń gbé? Ọkùnrin ẹni ọdún 46 tó ń wá iṣẹ́ tó máa bá a dọ́jọ́ ìfẹ̀yìntì, ọ̀tọ̀ ni sí ọmọ ọdún 22 tó ń wá ibi tó máa kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ̀. Ìlú sì lè ní kí ẹni tó bá lọ kí ọdún mẹ́ta tó pé san lára owó ẹ̀kọ́ rẹ̀ padà. Gbogbo ọ̀nà yìí wà nílẹ̀. Ìṣẹ́jú 12 ni wọ́n yàn.

Ohun tó dùn mí jù ni èrò tó wà nídìí rẹ̀, pé iṣẹ́ ọlọ́pàá kò gba ọpọlọ púpọ̀. Kò sí iṣẹ́ ìjọba mìíràn tí wọ́n ti ń fún ọmọ ẹni ọdún mẹ́tàlélógún ní ìbọn àti agbára láti mú èèyàn, kó sì dá nìkan pinnu lóru láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan. Ọ̀gá rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Adájọ́ á wá fi oṣù mẹ́fà yẹ ohun tó fi ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta ṣe wò. Ìròyìn tó bá kọ ló máa pinnu bóyá ẹnì kan á ṣẹ̀wọ̀n tàbí kò ní ṣẹ̀wọ̀n. Bí wákàtí kan bá wà tí nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀, tí ọlọ́pàá ń jókòó sínú ọkọ̀ lásán, ìyẹn kò sọ iṣẹ́ náà di iṣẹ́ òmùgọ̀. Ní 2010, Jason Rydberg àti William Terrill gbé ìwádìí kan jáde lórí ìlú alábọ́dé méjì ní Amẹ́ríkà. Wọ́n rí i pé àwọn ọlọ́pàá tó kàwé dé yunifásítì kì í lo agbára lé aráàlú lórí tó àwọn tí kò kàwé débẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò yí bí wọ́n ṣe ń mú èèyàn tàbí bí wọ́n ṣe ń yẹ ara èèyàn wò padà. Máàkì Wonderlic àti ìwé yunifásítì kì í ṣe ohun kan náà, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ìlú tó bá ń bẹ̀rù ẹni tó ń ronú gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ìbẹ̀rù náà lè ná àwọn tí wọ́n bá gbá léṣẹ̀ẹ́ lójú pópó.

Ìtàn ìdánwò Wonderlic yìí kò bẹ̀rẹ̀ ní New London. Lọ́jọ́ 2 oṣù Keje ọdún 1965, ọjọ́ gan-an tí òfin tó ka ẹlẹ́yàmẹ̀yà léèwọ̀ nínú ìgbanisíṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ilé iṣẹ́ iná mànàmáná Duke Power ní North Carolina ṣe òfin pé ẹni tuntun tó bá fẹ́ wọ ẹ̀ka èyíkéyìí yàtọ̀ sí ẹ̀ka iṣẹ́ alágbára gbọ́dọ̀ yege nínú ìdánwò méjì. Ọ̀kan nínú méjèèjì ni Wonderlic. Kí ọjọ́ yẹn tó dé, ẹ̀ka alágbára nìkan ni wọ́n ti ń gba àwọn aláwọ̀ dúdú síṣẹ́ níbẹ̀. Mẹ́tàlá nínú wọn pẹjọ́, Willie Griggs ló ṣáájú, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì dá wọn láre ní 1971 láìsí adájọ́ kan tó yapa. Wọ́n ní ìdánwò tó bá ti ń dí àwọn aláwọ̀ dúdú lọ́nà ju àwọn ẹlòmíràn lọ gbọ́dọ̀ ní ohun tó pa á pọ̀ mọ́ iṣẹ́ náà gan-an. Ẹ wò ó: ìdánwò kan náà. Ní 1971, agbanisíṣẹ́ ló ní láti fi hàn pé máàkì náà kan iṣẹ́. Ní 2000, kò sí ẹrù kankan lọ́rùn ìlú, torí òfin tí àwọn Griggs gùn lé dárúkọ ẹ̀yà, àwọ̀, ẹ̀sìn, akọ tàbí abo, àti orílẹ̀-èdè tí èèyàn ti wá. Kò dárúkọ ọpọlọ.

Ó yẹ kí n sọ pé àwọn tó ń ṣe àtúnṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá ní Amẹ́ríkà kò fìgbà kan jà fún irú ìlà tí New London fà. Òdìkejì rẹ̀ ni wọ́n ń bá bọ̀. August Vollmer, tó jẹ́ ọ̀gá ọlọ́pàá ní Berkeley ní California, ti dá ilé ẹ̀kọ́ ọlọ́pàá sílẹ̀ láti 1908, ó sì ń wá àwọn ọmọ yunifásítì wá sínú iṣẹ́ náà nígbà tí àwọn ọ̀gá ìlú mìíràn ṣì ń fi iṣẹ́ ọlọ́pàá san oore fún àwọn tó bá dìbò fún wọn. Òun náà lo ìdánwò ọpọlọ, ṣùgbọ́n láti fi wá ẹni tó mú jù ni. Ní 1967, ìgbìmọ̀ tí Ààrẹ Lyndon Johnson gbé kalẹ̀ dámọ̀ràn pé ibi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ já sí ni kí gbogbo ọlọ́pàá tó ní agbára láti mú èèyàn ní dìgírì. Kò tíì rí bẹ́ẹ̀ títí dòní. Púpọ̀ nínú àwọn ìlú kò béèrè ju ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ gírámà lọ.

Àwọn ìlú tó gbìyànjú láti gbé ìlà ìsàlẹ̀ sókè náà dé ilé ẹjọ́. Dallas ní Texas ní kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe ọlọ́pàá ti gba kírẹ́díìtì 45 ní yunifásítì, ìyẹn ìwọ̀n kọ́ọ̀sì tí èèyàn ti yege. Àwọn tó pẹjọ́ fi hàn pé ó ń dí àwọn aláwọ̀ dúdú lọ́nà ju àwọn aláwọ̀ funfun lọ, síbẹ̀ ní 1985, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní kí ìlú náà máa bá a lọ, torí pé ẹ̀mí èèyàn wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá, iṣẹ́ náà sì gba ìrònú. Kírẹ́díìtì 60 ni New York ń béèrè fún ọ̀pọ̀ ọdún, tàbí ọdún méjì nínú iṣẹ́ ológun. Ní oṣù Kejì ọdún 2025, nígbà tí iye àwọn tó ń wá iṣẹ́ náà ti dín kù gan-an, kọmíṣọ́nà Jessica Tisch já a wálẹ̀ sí 24, ó sì dá eré sísá máìlì kan ààbọ̀ padà, tí èèyàn gbọ́dọ̀ parí láàárín ìṣẹ́jú 14 àti ìṣẹ́jú-àáyá 21. Mi ò dá New York lẹ́bi. Bí kò bá sí ẹni tó ń wá síbi iṣẹ́, ìlà tó ga kò lè dáàbò bo ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ní ju 24 lọ ṣì lè wọlé, kódà ẹni tó ní PhD. Wọn ò ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹnikẹ́ni lókè.

Fún àwọn èèyàn wa tó wà lọ́hùn-ún, tí ọmọ wọn tó ti di ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà bá sọ pé iṣẹ́ ọlọ́pàá lòun fẹ́ ṣe, ọ̀rọ̀ yìí kan yín. Ìwé ni ogún tí àwọn òbí wa gbà pé kì í tán, tí ẹnikẹ́ni kò sì lè gbà lọ́wọ́ ẹni. Kò sí bàbá Yorùbá kan tó máa rò ó pé wọ́n lè lé ọmọ òun padà torí pé ó mọ̀wé jù. Ó ṣẹlẹ̀. Kò sí òfin kan ṣoṣo tó ń darí gbígba ọlọ́pàá ní Amẹ́ríkà. Ìlú kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe tirẹ̀, lábẹ́ ohun tí ìpínlẹ̀ bá là sílẹ̀. Kí ọmọ náà kọ̀wé béèrè kó tó ṣe ìdánwò: máàkì wo lẹ fẹ́, ṣé ìlà wà lókè bó ṣe wà nísàlẹ̀? Bí wọn ò bá pè é lẹ́yìn ìdánwò, kó béèrè ìdí rẹ̀ ní àkọsílẹ̀, kó má gba ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ̀sùn tí Jordan kọ ló jẹ́ kó rí ìdí gidi. Ká ní ó gba “o ò bá irú ẹni tí à ń wá mu,” ó sì lọ sílé, kò ní sí ẹnikẹ́ni tó máa mọ̀ nípa ìlà 27 yẹn títí dòní.

Jordan ò padà di ọlọ́pàá New London. Láti ìgbà tó ti ṣe ìdánwò náà ló ti ń ṣiṣẹ́ wọ́dà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n ìpínlẹ̀ Connecticut, iṣẹ́ agbófinró tí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ní yóò sú u. Nígbà tí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fi máa sọ̀rọ̀ ní 2000, ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀hún.

Ìdájọ́ náà kò sì wúwo tó bí àwọn èèyàn ṣe rò. Ìdájọ́ ṣókí ni, irú èyí tí ilé ẹjọ́ yẹn kì í tẹ̀ sínú ìwé òfin, tí àwọn agbẹjọ́rò kò sì lè gbé kalẹ̀ bí ìlànà tí àwọn adájọ́ mìíràn gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé. Ẹni tí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀ sí lè tún un pè lẹ́jọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìgbìmọ̀ ìlú kankan tó bá sì fẹ́ fòpin sí i kò nílò ilé ẹjọ́ rárá. Gbólóhùn kan péré nínú ìlànà ìgbanisíṣẹ́ ìlú ló máa gbà: pé wọn ò gbọ́dọ̀ torí máàkì tó ga jù lé ẹnikẹ́ni tó bá yege padà.